Ta ló lè jí kọ́kọ́rọ́ dìde? Ìfiwéra ọ̀nà márùn-ún tí a lè gbà bá oníbàárà tẹ̀ka lórí blockchain

Ìyá kan tó ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko Ògbómọ̀ṣọ́ wọlé wá bá wa ní yàrá wa ní Under G, wọ́n gbé fóònù tuntun lé orí tábìlì. Ti àtijọ́ ti já bọ́ lórí ọ̀kadà. "Ẹ bá mi kó owó mi sínú èyí." A ní kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ méjìlá tí wọ́lẹ́ẹ̀tì, áàpù tó ń tọ́jú owó kírípútò wọn, ní kí wọ́n kọ sílẹ̀ wá. Wọ́n tú báàgì, wọ́n yọ ìwé tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n ní gbèsè. Ẹ̀yìn ìwé náà ni wọ́n kọ ọ́ sí lóòótọ́, àmọ́ òjò ti pa á: mẹ́sàn-án ló ṣeé kà, mẹ́ta ti di àbàwọ́n yíǹkì. Nígbà tí wọ́n rí ojú wa, wọ́n ní, "Mo gbàgbé PIN báńkì lọ́dún tó kọjá, kí n tó dìde níwájú ọmọbìnrin yẹn ó ti tún un ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé jù ú lọ, kí ló dé tí tiyín ò ṣeé tún ṣe?"

Orí ló bá wọn ṣe é. Inú àkójọ ọ̀rọ̀ 2,048 péré ni wọ́lẹ́ẹ̀tì ti ń ṣa àwọn ọ̀rọ̀ yìí, a sì mọ ipò tí mẹ́ta tó parẹ́ wà. Ohun tí a ní láti dán wò jẹ́ bíi bílíọ̀nù 8.6, ṣùgbọ́n àmì àyẹ̀wò kan wà nínú ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn tó jẹ́ ká lè da mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nù nínú mẹ́rìndínlógún kí iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà mi fi ṣe é. Iná lọ, a tan jẹnẹrétọ̀, epo tán, a tún ra epo. A rí i. Ká ní mẹ́fà ló parẹ́ ni, ìtàn mìíràn là bá máa sọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni àwa mẹ́ta tí a jọ ń kọ áàpù yìí ti ń fi àwọn ọ̀nà tó wà wé ara wọn. Iṣẹ́ áàpù wa kò ju pé kí oníkajú gba USDT (owó kírípútò tí iye rẹ̀ bá dọ́là dọ́gba) lọ́wọ́ ẹni tó rà á lókè òkun, kó sì fi ibẹ̀ san owó àwọn tó kó ẹrù wá. Bí ẹ bá ń kọ ohun tó jọ ọ́, yálà fún alájọ, fún oníṣòwò aṣọ, tàbí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ń gba owó iṣẹ́ láti òkè òkun, ohun tí a rí nìyí.

Kọ́kọ́rọ́ yàtọ̀ sí ìtẹ̀ka

Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ kì í ṣe fáìlì, kì í ṣe áàpù. Nọ́ńbà kan ni, bíìtì 256; inú ọ̀rọ̀ méjìlá ọ̀hún ni wọ́lẹ́ẹ̀tì ti ń rí i. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà yẹn lè tẹ̀ka sí ìsanwó, gbogbo kọ̀ǹpútà tó jọ ń kọ ìwé ìṣirò owó tí wọ́n ń pè ní blockchain yóò sì gbà pé olówó ló tẹ̀ ẹ́. Kò sí máníjà tí a ó lọ bẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní ìtẹ̀ka ni, torí ìyá oníkajú mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn tẹ àtàǹpàkò sí ìwé: lẹ́yìn tóo bá ti tẹ̀ ẹ́, o ò lè sọ pé o ò sí níbẹ̀.

Ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń sùn ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè. Èmi ò rò pé ìyẹn ni ìbéèrè tó ga jù. Ta ló lè jí i dìde, kí ló lè ní kó tẹ̀ka sí, ta sì ni yóò ka ìwé náà kó tó tẹ̀ ẹ́? Nínú ọ̀kan lára àwọn olè tó tóbi jù tí wọ́n ja kírípútò, àwọn olè kò jí kọ́kọ́rọ́ rárá. Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

| Ọ̀nà | Ta ló lè jí kọ́kọ́rọ́ dìde? | Bí fóònù bá sọnù ńkọ́? | Ìnáwó |
|---|---|---|---|
| Oníbàárà mú un lọ́wọ́ | Òun nìkan | Ọ̀rọ̀ méjìlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó parí | Òfo |
| Dátábéèsì wa | Ẹnikẹ́ni tó bá rọ́nà wọ sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń bá áàpù wa ṣiṣẹ́) | Kò sí wàhálà | Díẹ̀, títí olè yóò fi dé |
| HSM tàbí KMS (ẹ̀rọ tó ń ti kọ́kọ́rọ́ mọ́nú) | Ẹni tó bá ní àṣẹ láti pè é | Kò sí wàhálà | Dọ́là 1 lóṣù fún kọ́kọ́rọ́ kan ní AWS (kọ̀ǹpútà yíyá ti Amazon) |
| MPC, kọ́kọ́rọ́ onípìn-ín | Àwọn ìpín tó bá pé iye | Ó ṣeé tún ṣe | Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń gbà á |
| Àkáǹtì ọlọ́wọ́ púpọ̀ | Iye ọwọ́ tí àdéhùn sọ | Àwọn ọwọ́ yòókù lè pààrọ̀ rẹ̀ | Owó gáàsì (owó iṣẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà) |

Lọ́wọ́ oníbàárà, àbí nínú dátábéèsì wa?

Méjèèjì yìí ni ìdàkejì ara wọn, òun ló jẹ́ kí wọ́n dára láti fi wéra. Nínú ti àkọ́kọ́, bí wọ́n bá fọ́ sáfà wa lóru òní, kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan tí wọ́n máa bá níbẹ̀. Ẹni tó bá lè pa bébà mọ́, tí kì í tẹ gbogbo líǹkì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kò nílò wa láti bá a tẹ̀ka. Ìyá oníkajú ò sí lára wọn, ìyá tèmi náà ò sí lára wọn.

Ti ìkejì rọrùn débi pé ọ̀sán kan ni mo fi kọ ọ́. Áàpù ń ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́, ó ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà kan tì í, ó ń kó o sínú dátábéèsì. Ṣùgbọ́n níbo ni ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn wà? Lórí sáfà kan náà, nínú fáìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti ẹni tó ti ilẹ̀kùn tó wá fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ẹní àkọ́wọlé sàn jù ú lọ, torí olè ṣì máa gbé ẹní kó tó rí tiẹ̀. Àwọn kan ń lo irúgbìn kan ṣoṣo, ìyẹn nọ́ńbà ìpìlẹ̀ kan, tí gbogbo kọ́kọ́rọ́ oníbàárà ń hù láti inú rẹ̀, bí BIP32, ìlànà kan fún àwọn tó ń kọ wọ́lẹ́ẹ̀tì, ṣe gbà á láyè. Ó dùn lò fún àdírẹ́sì ìgbowó, àmọ́ bí irúgbìn yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ olè, gbogbo oko lọ.

Ohun tó ń yọ jáde láì jẹ́ pé olè wá gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, wọ́n kó owó inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọ́lẹ́ẹ̀tì lórí blockchain Solana. Nígbà tí wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí i pé áàpù Slope ń fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ àwọn oníbàárà ránṣẹ́ sí sáfà tó fi ń ṣàkọsílẹ̀ àṣìṣe, gbangba gbàǹgbà, láì fi nǹkan kan bò ó. Mo kà á, mo mi orí, mo ní irú àìbìkítà wo nìyí. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí fáìlì lọ́ọ̀gì tiwa tí a fi ń dán nǹkan wò. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo kọ ìlà kóòdù tó ń tẹ̀ wọ́n jáde, mo ti gbàgbé pé mo kọ ọ́.

A ti pa ọ̀nà ìkejì tì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "fún ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni," ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí yóò yọ ọ́ kúrò.

Ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ka láì jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ jáde

HSM ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tí kọ́kọ́rọ́ lè wà nínú rẹ̀ láì jáde. O ò lè ní kó gbé e fún ọ. Kí o gbé ìwé fún un kó tẹ̀ka sí i ni ìwọ̀nba tó gbà. AWS KMS ń yá èèyàn ní irú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì mọ secp256k1, ìyẹn ìṣirò tí Bitcoin àti Ethereum, blockchain méjì tó lókìkí, fi ń tẹ̀ka.

Ó gba òru méjì lọ́wọ́ wa. Bí a bá fi ìsanwó kan ránṣẹ́, ó wọlé. A fi òmíràn ránṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ ọ́. A tún un rán, ó wọlé. A ní íntánẹ́ẹ̀tì ni. A ní owó gáàsì ló kéré. Òru kejì, nǹkan bí aago méjì, ni ọ̀kan nínú wa kíyè sí i pé ìdajì ló ń kọjá, ìdajì ló ń padà, bí ẹni ń ju owó ẹyọ. Nọ́ńbà méjì ló wà nínú ìtẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, r àti s. KMS kò bìkítà bóyá s bọ́ sí ìdajì òkè tàbí ìdajì ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n láti 2016 ni Ethereum ti kọ ti òkè. Bí s bá ti wà lókè, ẹ yọ ọ́ kúrò lára n tó jẹ́ iye gbogbo ìṣirò náà, kí ẹ lo ohun tó ṣẹ́kù. Ìlà kan péré. KMS kì í sì í sọ v fún yín, nọ́ńbà kẹta tó lè jẹ́ ọ̀kan nínú méjì. Ẹ ó dán méjèèjì wò fúnra yín, kí ẹ wo èyí tó bá mú àdírẹ́sì yín jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó rẹ̀ náà. Dọ́là 1 lóṣù fún kọ́kọ́rọ́ kan dà bí ohun tí kò tó nǹkan, títí oníbàárà yóò fi di 400, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣòwò ju àsìkò kajú lọ. Èyí ló ń mú kí àwọn ènìyàn fi kọ́kọ́rọ́ KMS kan ṣoṣo ti gbogbo kọ́kọ́rọ́ yòókù pa, kí wọ́n máa ṣí ti ẹni kan nínú mẹ́mórì fún ìṣẹ́jú àáyá tí a ó fi tẹ̀ka. Ó dára ju dátábéèsì lásán lọ dáadáa. Kò dára tó kí kọ́kọ́rọ́ má jáde rárá.

Àléébù rẹ̀ wà níbòmíràn. Láyé Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìlàrí ló ń jẹ́ iṣẹ́ Aláàfin. Wọ́n ń fá apá kan orí wọn, kí ẹni tó bá rí wọn lókèèrè ti mọ̀ pé ààfin ló rán wọn. Ta ló jẹ́ dá ìlàrí dúró kó ní ṣé lóòótọ́ ni Kábíyèsí sọ ọ̀rọ̀ yìí? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìtẹ̀ka HSM rí. Àmì orí pé, kò sí àṣìṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò ka iṣẹ́ tó ń jẹ́. Bí olè bá gba àṣẹ tí sáfà wa fi ń pe KMS, kò nílò kọ́kọ́rọ́. Yóò kàn gbé ìwé wá, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani: òṣìṣẹ́ tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tí a gbàgbé láti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ń kọ́?

Kọ́kọ́rọ́ onípìn-ín

Adi Shamir ló fi hàn ní 1979 pé a lè pín àṣírí sí ọ̀nà márùn-ún kí mẹ́ta nínú rẹ̀ tó láti tún un kọ́, kí méjì má sì sọ nǹkan kan fún ẹni tó bá rí i. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí a bá fẹ́ tẹ̀ka, a ní láti kó àwọn ìpín jọ sójú kan, ojú kan yẹn sì ni olè yóò lọ dúró sí. MPC ni kò kó wọn jọ. Ìpín tó wà lórí fóònù àti ìpín tó wà lórí sáfà máa ń ṣírò pọ̀ láti òkèèrè, ìtẹ̀ka kan á jáde, odindi kọ́kọ́rọ́ ò sì wà níbì kan rí.

Iyèméjì ò sí nínú pé ó dára. Ẹni tí yóò kọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ má dáwọ́ lé e fúnra yín. A gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, a sì fi í sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ bíi Fireblocks ló ń tà á fún àwọn olówó ńlá. Privy, tí Stripe rà ní 2025, àti Turnkey ń bá àwọn áàpù kéékèèké ṣe ohun tó sún mọ́ ọn ní ọ̀nà tiwọn. Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi irú wọn kí n tó wo iye owó: bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn lọ́la, ṣé oníbàárà mi lè kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jáde láì pè yín? Bí ìdáhùn bá gùn ju gbólóhùn kan lọ, mo ti mọ̀.

Àkáǹtì ọlọ́wọ́ púpọ̀

Níbí, orí blockchain gan-an ni òfin wà. A lè kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọwọ́ méjì nínú mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ka kí owó tó jáde, tàbí pé ohun tí kò bá tó dọ́là 100 lè lọ pẹ̀lú ọwọ́ kan. Láti oṣù kẹta ọdún 2023 tí ERC-4337, ìlànà kan fún irú àkáǹtì yìí, ti wà lórí Ethereum ni ó ti rọrùn kí ẹlòmíràn bá oníbàárà san owó gáàsì. Ìyẹn ṣe pàtàkì fún wa púpọ̀, torí mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún ìyá oníkajú pé wọ́n ní dọ́là lọ́wọ́ ṣùgbọ́n wọ́n ní láti lọ ra ETH (owó Ethereum fúnra rẹ̀) díẹ̀ kí wọ́n tó lè ná an. Nígbà tó di oṣù karùn-ún 2025, EIP-7702, àtúnṣe kan sí Ethereum, jẹ́ kí àkáǹtì lásán náà lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ni mo bẹ̀rù jù, torí kóòdù ni àdéhùn yẹn. Ní oṣù kọkànlá 2017, ẹnì kan pa kóòdù tí àwọn wọ́lẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ púpọ̀ ti Parity gbára lé run, ó ní òun ò mọ̀ọ́mọ̀. ETH 513,774 há síbẹ̀. Àwọn tó ni ín ń rí i, wọn ò lè fọwọ́ kàn án.

Kí "ọwọ́ mẹ́ta" tún tó jẹ́ mẹ́ta, ẹ wò ó dáadáa. Afárá Ronin, ètò tó ń gbé owó láti blockchain kan sí òmíràn, ní ọwọ́ mẹ́sàn-án ní 2022, márùn-ún ló sì tó láti kó owó jáde. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní mẹ́rin nínú wọn. Olè wọ ilé-iṣẹ́ náà, ó wá ọ̀kan sí i, owó tó ju mílíọ̀nù 600 dọ́là sì lọ. Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn ẹgbẹ́ mi, a wo ara wa nínú yàrá: àwa mẹ́ta, Wi-Fi kan, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ lára ògiri. Ọwọ́ kan ni wá.

Olè tí mo ní mò ń bọ̀ níbẹ̀ nìyí. Ní oṣù kejì 2025, wọ́n kó nǹkan bí ETH 400,000 lọ́wọ́ Bybit, ọjà tí wọ́n ti ń ra kírípútò tí wọ́n sì ń tà á, bíi bílíọ̀nù dọ́là kan àti ààbọ̀. Ọlọ́wọ́ púpọ̀ ni wọ́n ń lò, kọ́kọ́rọ́ kankan ò sì kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ojú-ìwé tí àwọn tó ń tẹ̀ka ń wò ni àwọn olè, tí FBI sọ pé ti Kòríà Àríwá ni wọ́n, ti yí padà láti ẹ̀yìn. Ìsanwó tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ ni wọ́n rí. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ka sí yàtọ̀. Bí ẹni tí kò mọ̀wé kà tí wọ́n ní "bàbá, ẹ tẹ àtàǹpàkò síbí, ìwé ilẹ̀ ọmọ yín ni."

Ohun tí kò sí nínú tábìlì

Ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró láàárín ẹni tó ní "san án" àti kọ́kọ́rọ́. Tiwa jẹ́ ètò kékeré kan tó dá dúró. Ó ń wo iye owó, ó ń wo bóyá a ti san fún àdírẹ́sì yẹn rí, ó ń dá ti tuntun dúró fún wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ó tún ń tú ìwé náà fúnra rẹ̀ láti inú ohun tí a fẹ́ tẹ̀ka sí, kì í ṣe láti inú ohun tí áàpù sọ fún un.

Iná ló kọ́ wa ní ìyókù. Ìsanwó kọ̀ọ̀kan tí àkáǹtì kan bá ṣe lórí Ethereum ní nọ́ńbà tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, wọ́n ń pè é ní nonce, ẹyọ kan ló sì lè wọlé lórí nọ́ńbà kan. Ní oṣù kẹta, tí kajú ń rọ́ wọ ìlú, ètò wa tẹ̀ka sí owó àgbẹ̀ kan, ó fi ránṣẹ́, iná lọ kó tó kọ "mo ti san" sílẹ̀. Nígbà tí iná dé, ó rí i pé iṣẹ́ kò tíì ṣe, ó mú nọ́ńbà tó kàn, ó tún tẹ̀ka. Àgbẹ̀ gba owó lẹ́ẹ̀mejì. Òun fúnra rẹ̀ ló pè wá, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ fẹ́ jẹ gbèsè ni?"

Àtúnṣe tí a ṣe rèé: kí a kọ ìwé tí a ti tẹ̀ka sí sílẹ̀ kí a tó rán an. Bí iná bá lọ, ìwé yẹn gan-an la ó tún rán, a ò ní tẹ̀ka tuntun. Bí ti àkọ́kọ́ bá ti wọlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò kọ èkejì torí nọ́ńbà kan náà ni. Mo mọ àwọn tó ń fi oṣù mẹ́ta jiyàn lórí MPC tí wọn ò tíì ṣe èyí.

Ti òfin kò gùn. CBN dí kírípútò lọ́nà ní àwọn báńkì ní oṣù kejì 2021, ó ṣí i ní oṣù Kejìlá 2023, òfin ìdókòwò ISA 2025 sì ti fi ohun-ìní orí ẹ̀rọ sábẹ́ SEC, àjọ tó ń bójú tó ìdókòwò. Láti 2022 ni SEC ti ní ìlànà fún ẹni tó ń bá ènìyàn tọ́jú irú ohun-ìní bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀nà kejì àti ìkẹta, àwa la mú owó olówó lọ́wọ́, kò sí orúkọ mìíràn tí a lè pè é. Ẹ wá agbẹjọ́rò kí ẹ tó wá oníbàárà.

Èyí tí a mú

Àkáǹtì ọlọ́wọ́ púpọ̀ la mú, méjì nínú mẹ́ta. Ọwọ́ kan wà lórí fóònù oníbàárà. Ọwọ́ kan wà nínú KMS wa, ètò tó ń ka ìwé sì wà níwájú rẹ̀. Àwa nìkan ò lè san kọ́bọ̀. Ìkẹta wà lọ́wọ́ ẹni tí oníbàárà bá yàn, kì í sì í dìde àfi tí ọ̀kan nínú méjì yòókù bá sọnù. Bí a bá ń bá àwọn oníṣòwò ńlá ṣe ni, MPC là bá rà.

A pe ìyá oníkajú padà. A ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹní ń ṣàlàyé àpótí ẹgbẹ́ tó ní àgádágodo mẹ́ta. Wọ́n gbọ́ ọ kíákíá ju àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà kan lọ. Mo ní, "Màmá, ta lẹ fẹ́ kó mú ti ẹ̀kẹta? Bàbá ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, má bá mi dá wàhálà sílẹ̀." Akọ̀wé ẹgbẹ́ àjọ wọn ní Takie ni wọ́n yàn, obìnrin kan tó ti ń kọ ìwé àjọ fún ọdún mẹ́rìnlá. Ọjọ́ kejì ni wọ́n mú un wá. Ó gba fóònù, ó ka gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìka lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó bi wá ní ìbéèrè méjì, kó tó tẹ̀ ẹ́.